Àwọn Ẹgbẹ́ Aláfọwọ́sowọ́pọ̀ Mondragón

Mondragón ni orúkọ tí a fi ń pe àkójọpọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí oríkò wọn wà ní ìlú Mondragón, èyí tí à ń pè ní Arrasate ní èdè Basque, ní ẹkùn Gipuzkoa, ní àríwá orílẹ̀-èdè Spéìn. Ọdún 1956 ni ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú wọn bẹ̀rẹ̀, sítóòfù kẹrosíìnì ni ó sì kọ́kọ́ ń ṣe. Lónìí, àwọn ẹgbẹ́ tí ó wà nínú àkójọpọ̀ náà jẹ́ nǹkan bí ọgọ́rin, iye àwọn òṣìṣẹ́ wọn sì tó nǹkan bí 70,000. Wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ àti ẹ̀yà ara ọkọ̀, wọ́n ń ta oúnjẹ, wọ́n ní ilé-ìfowópamọ́, wọ́n sì ní yunifásítì.

Ohun tí ó mú kí òkìkí Mondragón kàn ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ni ó ni ilé-iṣẹ́. Nínú ìpàdé gbogboogbò, ìbò kan ṣoṣo ni ẹni tí ń jókòó ti ẹ̀rọ ní, ìbò kan ṣoṣo náà ni ọ̀gá àgbà ní. Nítorí èyí, ṣàṣà ni ìgbà tí a óò sọ̀rọ̀ nípa bí ibi iṣẹ́ ṣe lè kúrò lábẹ́ àṣẹ-láti-òkè-wá bọ́ sí àjùmọ̀ṣàkóso tí orúkọ Mondragón kò ní jẹyọ. Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ fi hàn pé kí òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, kí ó máa dìbò nínú rẹ̀, àti kí ohùn rẹ̀ máa ká nínú iṣẹ́ òòjọ́ kì í ṣe ohun kan náà. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé sí Mondragón, ọ̀tọ̀ sì ni àwọn tí ó kàn.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

Láàárín àwọn Yorùbá, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Orúkọ náà ti ṣàlàyé ara rẹ̀: ẹni tí ó jẹ, tí ó sì ṣẹ́ kù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a máa dá owó jọ lóṣooṣù, wọn a máa yá ara wọn, wọn a sì pín èrè ní òpin ọdún. Olùkọ́ lè wà nínú rẹ̀, nọ́ọ̀sì lè wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ó bá dé ibi iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ṣì ni ọ̀gá rẹ̀. Ti Mondragón kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà, ẹni tí ó bá sì wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ di ọ̀kan nínú àwọn tí yóò yan àwọn tí yóò máa darí rẹ̀. Ìpín owó àti ìpín àṣẹ ni a so pọ̀ níbẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀

Ní oṣù kejì ọdún 1941, ọ̀dọ́ àlùfáà ìjọ Àgùdà kan dé sí Mondragón. José María Arizmendiarrieta ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọdún 1915 ní Markina ní ẹkùn Bizkaia, ojú kan ṣoṣo ni ó sì ń fi ríran láti ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé Spéìn, ó kọ̀wé fún ìwé ìròyìn èdè Basque tí ó dojú kọ àwọn ọmọ ogun Francisco Franco. Nígbà tí ogun náà bá àwọn ará Basque, wọ́n mú un, wọ́n sì tì í mọ́lé kí wọ́n tó dá a sílẹ̀.

Ìlú tí ó bá náà kò fara rọ. Àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun àti àwọn tí wọ́n ṣẹ́ ń gbé ojúlé kan náà. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí ń ṣe kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo, Unión Cerrajera, ni ó gba ọ̀pọ̀ ènìyàn síṣẹ́. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó fi ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ni ó yà á sọ́tọ̀ fún. Àlùfáà náà bẹ ilé-iṣẹ́ náà pé kí ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọ ìlú yòókù, wọn kò gbà. Ó wá yí padà sí àwọn ará ìlú. Wọ́n gbé àpótí sí oríta kí ẹni tí ó bá fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà fi ìwé sínú rẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí òun lè ṣe, ìbáà jẹ́ owó, ìbáà jẹ́ iṣẹ́. Nǹkan bí 600 ènìyàn ni ó dáhùn. Ọdún 1943 ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣí, àwọn tí wọ́n dá owó sílẹ̀ fún un sì ni ó ń dìbò yan àwọn alámòójútó rẹ̀. A lè sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ ni ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àkọ́kọ́ ní ìlú náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó pè é bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Márùn-ún nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ tẹ̀síwájú láti gba ìwé-ẹ̀rí onímọ̀-ẹ̀rọ láti Zaragoza láìfi iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Àwọn ni Luis Usatorre, Jesús Larrañaga, Alfonso Gorroñogoitia, José María Ormaechea àti Javier Ortubay. Wọ́n ti gba ipò ní Unión Cerrajera. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ fi kún owó ìdókòwò rẹ̀, wọ́n dábàá pé kí a jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ náà ra ìpín. Àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́ kọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí àwọn márààrún fi kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Wọn kò ní owó, wọn kò sì ní ìwé àṣẹ. Lábẹ́ ìjọba Franco, ìwé àṣẹ láti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ṣòro ju owó lọ. Ní ọdún 1955, wọ́n ra ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ó ti ń kógbá sílé ní Vitoria, nítorí ìwé àṣẹ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Owó tí wọ́n fi rà á, àwọn ará ìlú ni ó yá wọn, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn, láìrí ìwé kankan tí ó sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ náà yóò máa ṣe. Ní ọdún 1956, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Mondragón. Wọ́n fa lẹ́tà láti ara orúkọ àwọn márààrún, wọ́n sì pe ilé-iṣẹ́ náà ní Ulgor. Ó tó bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà kí wọ́n tó rí ìwé òfin ẹgbẹ́ tí yóò bá òfin Spéìn mu.

Ilé-ìfowópamọ́ àti owó ìfẹ̀yìntì

Ní ọdún 1959, Arizmendiarrieta gbé èrò ilé-ìfowópamọ́ wá. Àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ náà kò kọ́kọ́ kà á sí, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni ó yé wọn, ọ̀rọ̀ báńkì kò yé wọn. Ṣùgbọ́n ó tẹpẹlẹ mọ́ ọn, wọ́n sì dá Caja Laboral Popular sílẹ̀. Owó tí àwọn ará ìlú bá fi pamọ́ sí i ni ó fi ń yá àwọn ẹgbẹ́ tuntun. Kò sì mọ sí owó nìkan: ó ní ẹ̀ka kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bá àwọn tí ó fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ wádìí ọjà, kí ó kọ́ wọn ní ìṣirò, kí ó sì dúró tì wọ́n títí wọn yóò fi lè dá rìn. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù ni ó ti kú nítorí pé báńkì kò fẹ́ yá ilé-iṣẹ́ tí kò ní ọ̀gá kan pàtó tí a lè dì mú lówó. Mondragón kò dojú kọ ìṣòro yẹn, nítorí báńkì rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni Lagun Aro bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ti sọ pé ẹni tí ó bá ni ilé-iṣẹ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́, nítorí náà ètò ìtọ́jú àti owó ìfẹ̀yìntì tí orílẹ̀-èdè ń ṣe fún òṣìṣẹ́ kò kan ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Dípò kí wọ́n jọ̀wọ́ ara wọn, wọ́n dá ti ara wọn sílẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó ìfẹ̀yìntì àti owó fún ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó tún di ọ̀nà tí wọ́n fi ń gbé òṣìṣẹ́ láti ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ kò sí lọ sí èyí tí iṣẹ́ wà.

Bí a ṣe ń ṣàkóso ẹgbẹ́

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní òmìnira rẹ̀. Ìpàdé gbogboogbò ni ó ga jù nínú rẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ kan sì ní ìbò kan láìka ipò tàbí owó rẹ̀ sí. Ìpàdé náà ni ó ń yan ìgbìmọ̀ olùdarí, tí ẹni tí wọ́n bá yàn sínú rẹ̀ máa ń lo ọdún mẹ́rin. Owó iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni yóò máa gbà. Kò sí owó ìjókòó. Ìgbìmọ̀ olùdarí ni ó ń yan ọ̀gá àgbà, òun náà ni ó sì lè yọ ọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀gá wà ní Mondragón, ẹni tí ó bá rò pé kò sí ọ̀gá níbẹ̀ ṣì í gbọ́. Ibi tí àṣẹ ọ̀gá ti wá ni ó yàtọ̀: ẹni tí ó ń pàṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní àárọ̀ yóò jíhìn fún àwọn tí òṣìṣẹ́ yàn.

Yàtọ̀ sí èyí, ìgbìmọ̀ mìíràn wà tí à ń pè ní ìgbìmọ̀ àwùjọ, níbi tí aṣojú láti ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń jókòó. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́, ààbò àti ìgbòkègbodò ojoojúmọ́ ni ó ń gbé yẹ̀ wò. Ìmọ̀ràn ni ó lè fúnni, kò lè pàṣẹ. Àwọn tí ó ṣe àríwísí Mondragón ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé ibẹ̀ ni ètò náà ti mẹ́hẹ. Ti Eroski, ilé-ìtajà ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1969, tún yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé àwọn oníbàárà náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ níbẹ̀, tí aṣojú wọn àti ti òṣìṣẹ́ sì dọ́gba nínú ìpàdé gbogboogbò.

Ní àsìkò Franco, tí ará Spéìn kò lè fi ìbò yan ẹni tí yóò ṣe ìjọba, tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ olómìnira sì lòdì sí òfin, àwọn òṣìṣẹ́ Ulgor ń dìbò yan ìgbìmọ̀ tiwọn. Ó ṣe é ṣe kí ìjọba náà ti rò pé ọ̀rọ̀ sítóòfù lásán ni.

Owó iṣẹ́ àti èrè

Ní ìbẹ̀rẹ̀, owó ẹni tí ó gbà jù kò gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta owó ẹni tí ó gbà kéré jù lọ. Bí ẹgbẹ́ ti ń tóbi, tí àwọn onímọ̀ sì ń rí owó tí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ gbà níbòmíràn, ìlọ́po náà lọ sí mẹ́rin àtààbọ̀, ó sì tún gorí mẹ́fà ní àwọn ẹgbẹ́ kan. Ìpàdé gbogboogbò ni ó ń fọwọ́ sí i. Síbẹ̀, kò jọ ti ilé-iṣẹ́ ńláńlá mìíràn ní ilẹ̀ Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà, níbi tí owó ọ̀gá àgbà lè jẹ́ ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún owó òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ di ọmọ ẹgbẹ́ yóò mú owó wá. Owó náà súnmọ́ owó iṣẹ́ ọdún kan ẹni tí ó wà ní ipò ìsàlẹ̀ jù lọ, a sì lè máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù rẹ̀. Wọn yóò ṣí àkọsílẹ̀ kan fún un. Bí èrè bá wà ní òpin ọdún, apá kan yóò lọ sí àkópamọ́ ẹgbẹ́, apá kan yóò lọ sí ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ìlú, èyí tí ó kù yóò wọ inú àkọsílẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò ní rí i ná. Ìgbà tí ó bá fẹ̀yìn tì tàbí tí ó bá kúrò ni yóò gbà á. Bí àdánù bá wà, láti inú àkọsílẹ̀ yẹn kan náà ni a óò ti yọ ọ́. Ìpín náà kò ṣe é tà fún ará ìta, nítorí náà olówó kan kò lè wá ra ilé-iṣẹ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ètò yìí ni ó gbà wọ́n là nígbà tí ọrọ̀ ajé Spéìn dẹnu kọlẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ilé-iṣẹ́ lóríṣiríṣi ń ti ilẹ̀kùn ní ilẹ̀ Basque, wọ́n sì ń dá òṣìṣẹ́ dúró. Ní Mondragón, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dìbò pé kí a dín owó iṣẹ́ àwọn fúnra wọn kù, àwọn mìíràn sì gbà láti lọ ṣiṣẹ́ ní ẹgbẹ́ mìíràn. Ìwọ̀nba ni iye àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìyanṣẹ́lódì ọdún 1974

Ní ọdún 1974, Ulgor ti ní òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 3,000. Àwọn alábòójútó gbé ètò tuntun kalẹ̀ tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ ipò àti owó tí ó tọ́ sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ kan sọ pé ìdíwọ̀n náà kò tọ́, pé àwọn tí ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ ni ó rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tí ó tó irinwó daṣẹ́ sílẹ̀.

Ìyanṣẹ́lódì náà da ìbéèrè kan sílẹ̀: ta ni ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ ń yanṣẹ́ lódì sí? Ìwé òfin ẹgbẹ́ ti sọ pé ẹni tí ó bá daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ abẹ́lé lè pàdánù ipò ọmọ ẹgbẹ́. Ìgbìmọ̀ olùdarí lé mẹ́tàdínlógún nínú àwọn aṣáájú ìyanṣẹ́lódì náà, wọ́n sì fìyà jẹ àwọn yòókù. Ìpàdé gbogboogbò fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà pín ìlú sí méjì, ó sì pẹ́ kí ó tó tán nílẹ̀. Ọdún mélòó kan kọjá kí wọ́n tó dìbò láti gba àwọn tí wọ́n lé padà.

Ohun tí ó yé àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ lẹ́yìn náà ni pé ìbò ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún nínú ìpàdé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kò tó láti mú kí òṣìṣẹ́ mọ̀ pé ohùn òun ká. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìgbìmọ̀ àwùjọ lágbára sí i, wọ́n sì pinnu pé ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ máa tóbi jù. Bí ẹ̀ka kan bá dàgbà, kí ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tirẹ̀.

Ìyípadà lórí iṣẹ́ òòjọ́

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣiṣẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilé-iṣẹ́ oníṣòwò lásán. Òṣìṣẹ́ a dúró sí ojú kan, ẹ̀rọ a máa gbé ọjà kọjá níwájú rẹ̀, òun a sì máa de ìdè kan náà láti àárọ̀ di alẹ́. Ó lè jẹ́ ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ ìpàdé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀rọ náà ni ó ń darí rẹ̀.

Copreci, ẹgbẹ́ kan tí ó ń ṣe àwọn ẹ̀yà ara sítóòfù, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti yí èyí padà láàárín àwọn ọdún 1970. Wọ́n mú ẹ̀rọ agbọ́jàkọjá náà kúrò ní apá kan ilé-iṣẹ́, wọ́n gbé tábìlì síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì jókòó yí i ká. Wọ́n lè wo ojú ara wọn, wọ́n lè pààrọ̀ iṣẹ́ láàárín ara wọn, wọ́n sì ń pinnu bí iṣẹ́ yóò ṣe yá tó. Ìyípadà yìí kò tàn dé ibi gbogbo.

Ní Irizar ni ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ jù. Ìlú Ormaiztegi ni ilé-iṣẹ́ yìí wà. Ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà ni ó ń kàn nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1889, kí ó tó di ilé-iṣẹ́ tí ń kan ara bọ́ọ̀sì. Ó di ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní ọdún 1963. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 fi ń bẹ̀rẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ gbèsè kú. Irizar ti jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n nígbà náà, síbẹ̀ ọ̀gá wà lórí ọ̀gá níbẹ̀, ẹni tí ó ń jó irin pọ̀ kò sì mọ iye tí wọ́n ta bọ́ọ̀sì tí òun jó.

Ní ọdún 1991, Koldo Saratxaga dé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti wó ètò ọ̀gá-lórí-ọ̀gá náà palẹ̀. Àwọn alábòójútó tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kìkì láti máa ṣọ́ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn kò sí mọ́. Wọ́n yọ aago tí òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, kò sì sí owó àfikún wákàtí mọ́. Gbogbo iṣẹ́ di ti ọ̀wọ́: ọ̀wọ́ òṣìṣẹ́ kan ni yóò gba iṣẹ́ kan, wọn yóò yan ẹni tí yóò máa ṣe agbátẹrù láàárín ara wọn, wọn yóò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe àti ìgbà tí yóò parí. Ìpàdé gbogboogbò kò tún jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọdún ni wọ́n ń pé jọ láti gbọ́ ìròyìn owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde. Irizar bọ́ nínú gbèsè, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì tí a mọ̀ jù ní Yúróòpù, tí ó ní ẹ̀ka ní Mẹ́síkò, Brasil, Mòrókò, Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà. Saratxaga fi ipò náà sílẹ̀ ní ọdún 2005.

Ìtàn Irizar ní apá tí a kì í sábà sọ. Ẹni kan ṣoṣo ni ó mú ìyípadà náà wá, ó sì fi agbára ipò rẹ̀ tì í síwájú. Kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ọ̀gá tẹ́lẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dùn. Àwọn òṣìṣẹ́ kan pẹ̀lú rí i pé ojú ẹlẹ́gbẹ́ ẹni nínú ọ̀wọ́ lè le ju ojú alábòójútó lọ, nítorí kò sí ibi tí ènìyàn lè sá pamọ́ sí.

Àwọn tí ìbò kò kàn

Bí Mondragón ti ń tóbi ni ìbéèrè nípa ẹni tí í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ń le sí i. Àwọn obìnrin ni ó kọ́kọ́ kàn. Ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí àwùjọ ń retí ni pé kí obìnrin fi iṣẹ́ sílẹ̀ bí ó bá ti lọ́kọ. Ní ọdún 1969, àwọn obìnrin dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Auzo Lagun, tí ó ń se oúnjẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó sì ń tọ́jú ìmọ́tótó wọn, níbi tí abilékọ ti lè fi wákàtí díẹ̀ ṣiṣẹ́ lójúmọ́ tí yóò sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú ìbò tirẹ̀.

Láti àwọn ọdún 1990 ni ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ààlà orílẹ̀-èdè. Àwọn ẹgbẹ́ náà parapọ̀ lábẹ́ orúkọ kan ní ọdún 1991, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilé-iṣẹ́ tàbí kọ́ tuntun ní òkèèrè, ní Pólàndì, Ṣáínà, Mẹ́síkò, Brasil àti àwọn ibòmíràn. Ìdí tí wọ́n fún un ni pé bí àwọn kò bá tẹ̀lé àwọn oníbàárà lọ, iṣẹ́ ilé náà yóò bọ́. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ó wà ní àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Òṣìṣẹ́ olówó-oṣù lásán ni. Kò sí ìpàdé tí ó ń lọ, kò sí àkọsílẹ̀ tí èrè ń wọ̀, kò sì sí Lagun Aro fún un. Lójú òṣìṣẹ́ Pólàndì tàbí ti Ṣáínà, àwọn òṣìṣẹ́ Mondragón ni ọ̀gá. Àwọn tí a gbà fún ìgbà díẹ̀ wà nínú ilẹ̀ Spéìn pẹ̀lú, wọn kò sì ní ìbò. Sharryn Kasmir, onímọ̀ nípa ìgbésí ayé ẹ̀dá láti Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan ní ọdún 1996 tí ó fi hàn pé láàárín ọmọ ẹgbẹ́ pàápàá, àwọn tí ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ gbà pé ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ tàwọn bí àwọn ọ̀gá ti ń sọ ọ́.

Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, kò sì rọrùn láti sọ ilé-iṣẹ́ ní Ṣáínà di ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ lọ́nà ti Basque. Àwọn aṣáájú Mondragón ti sọ èyí lọ́pọ̀ ìgbà, òtítọ́ sì ni. Ó tún jẹ́ òtítọ́ pé ìpín èrè tí ó ń ti òkèèrè wá ń wọ inú àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nílé.

Ìṣubú Fagor

Ulgor, àkọ́bí gbogbo wọn, ti yí orúkọ padà di Fagor Electrodomésticos. Sítóòfù, fìríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ ni ó ń ṣe. Ní ọdún 2005, ó yá owó púpọ̀ láti ra Brandt, ilé-iṣẹ́ Faransé kan tí ó ń ṣe irú ọjà kan náà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ọjà ilé kíkọ́ wó lulẹ̀ ní Spéìn, ẹni tí kò sì ra ilé tuntun kò ní ra fìríìjì tuntun. Gbèsè ń ga. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dín owó iṣẹ́ wọn kù, àwọn ẹgbẹ́ yòókù sì dá owó fún un léraléra.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, àkójọpọ̀ Mondragón pinnu pé àwọn kò lè fi owó kún un mọ́. Fagor wọ ilé ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí onígbèsè tí kò lè san. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ káàkiri ayé tó nǹkan bí 5,600. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ó wà ní ilẹ̀ Basque rí ẹni gbà wọ́n: Lagun Aro wá àyè fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹgbẹ́ mìíràn, àwọn àgbà lára wọn sì fẹ̀yìn tì ṣáájú àkókò. Ní òkèèrè, kò sí ẹgbẹ́ tí yóò gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà sọkún tiwọn. Owó tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ wọn, tí wọ́n ti ń retí láti fi jẹun lọ́jọ́ ogbó, lọ mọ́ gbèsè, bẹ́ẹ̀ náà ni owó tí àwọn kan fínnúfíndọ̀ yá ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn ènìyàn tí wọ́n ti jọ ń ṣe ìpàdé fún ọgbọ̀n ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀hónú hàn lójú pópó sí ara wọn. Ní ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò kan, Cata, ra ohun tí ó kù.

Ìtànkálẹ̀ àti ìyapa

Ní ọdún 2009, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ irin ní Amẹ́ríkà, United Steelworkers, bá Mondragón ṣe àdéhùn láti dá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Nínú ti Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni yóò máa ṣe iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ àwùjọ ń ṣe ní Basque, pẹ̀lú agbára láti bá àwọn olùdarí dúnàá dúrà. Ìlú Cincinnati wà lára ibi tí wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. Yunifásítì Mondragón, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1997, jẹ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ fúnra rẹ̀, tí àwọn olùkọ́ sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ nínú rẹ̀.

Bí àwọn kan ti ń wọlé ni àwọn mìíràn ń jáde. Irizar dìbò láti kúrò ní ọdún 2008. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, méjì nínú àwọn tí ó tóbi jù ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: Orona, tí ń ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè, àti Ulma, tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ nínú ohun èlò ilé kíkọ́. Wọ́n fẹ́ máa bá Mondragón ṣe pọ̀ láìsí lábẹ́ ìpinnu rẹ̀, Mondragón kò sì gbà. Ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí ó dìbò lọ nínú ẹgbẹ́ méjèèjì tí ó fọwọ́ sí ìyapa náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó jáde ṣì jẹ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ìpàdé gbogboogbò àwọn òṣìṣẹ́ ni ó sì pinnu pé kí wọ́n lọ.